Bí a ṣe ń yẹ root wò kí Linux tó dìde tán

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni màmá tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ládùúgbò wa n'Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Iná lọ nígbà tí wọ́n ń tẹ project ọmọ kan lọ́wọ́. UPS wọn ti kú tipẹ́, kọ̀ǹpútà náà sì pa lójijì. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì, ojú dúdú ni kọ̀ǹpútà gbé wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀:

`(initramfs)`

Ẹnìkan ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí òun fi Ubuntu tuntun sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì gbà. Fáìlì wọn ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ ni pé òun rí àṣìṣe nínú ètò fáìlì, ìyẹn bí a ṣe to fáìlì sórí dísìkì, òun kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé èèyàn pàṣẹ fún òun. Bí a ṣe ń dá a lóhùn ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú bí a ṣe lè máa béèrè àyẹ̀wò yìí fúnra wa kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Mo máa sọ ibi tí èmi náà ti ṣì í ṣe, nítorí àṣìṣe yẹn ná màmá náà ní iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan.

Ìdí tó fi jẹ́ àsìkò kékeré yẹn nìkan

Root ni ibi tí gbogbo fódà Linux ti yọ, òun la ń kọ báyìí: `/`. Gbogbo ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò àti gbogbo ìlànà tó ń tẹ̀ lé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. `fsck` ni àṣẹ tó ń yẹ ètò fáìlì wò. Bí ètò fáìlì yín bá jẹ́ ext4, irú èyí tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, `e2fsck` tí Theodore Ts'o ń tọ́jú ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ó máa ń ka gbogbo dísìkì bí ẹni tó ń ka ẹrù ìsọ̀: fáìlì wo ló wà, ibo ló wà, ta ló ni í, àyè mélòó ló ṣẹ́kù. Bó bá ń kà á lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn ń gbé ẹrù wọlé tó sì ń kó o jáde, iye tó bá kà kò lè bára mu láé. Èyí tó burú jù ni pé á máa “tún” ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, á sì bà á jẹ́.

Ìpín mìíràn lórí dísìkì, bíi `/home` tó dá wà, ẹ lè yọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ dá a padà. Root kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń gbé, inú rẹ̀ ni àṣẹ `fsck` fúnra rẹ̀ wà. Ta ló lè ká ẹní tí òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé?

Àyè kan wà ṣáá, láàárín ìgbà tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, bá jí àti ìgbà tí root bá ṣí sílẹ̀ fún kíkọ. GRUB, ètò kékeré tó ń pe Linux dìde, á gbé kernel wá pẹ̀lú initramfs, ìyẹn ètò fáìlì kékeré kan tó ń gbé inú mẹ́mórì nìkan. Initramfs ní ẹ̀dà `fsck` tirẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, ibẹ̀ ni ó ti máa ń yẹ root wò kó tó gbé e wọlé rárá. Lórí àwọn mìíràn, systemd, ètò tó ń darí bí Linux ṣe ń dìde, ló ń ṣe é pẹ̀lú `systemd-fsck-root.service`: bí root bá ti wọlé kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, á jẹ́ pé kíkà nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí `ro` lórí ìlà tí GRUB fi ń pe kernel. Tí àyẹ̀wò bá parí, wọ́n á wá ṣí i fún kíkọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ó tètè ń parí bẹ́ẹ̀ nítorí journal. Láyé ext2, tí iná bá lọ lójijì, gbogbo dísìkì pátá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà kí kọ̀ǹpútà tó dìde. Ext3 tó wọ inú Linux 2.4.15 lọ́dún 2001 ló mú journal wá: kí ó tó yí ètò padà, á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan. Bí iná bá lọ, bó bá dìde, á ka ìwé yẹn, á parí èyí tó kù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ext4 jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ `recovering journal` tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn tí iná bá lọ, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe, kò yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ẹ má wá rò pé journal ló ń wo gbogbo àìsàn. Bí dísìkì bá ń kú lọ, bí wáyà rẹ̀ bá dẹ̀, bí mẹ́mórì bá ní àléébù, irọ́ lè wọ inú ètò fáìlì, journal kò sì ní mọ̀. Nígbà yẹn ni àyẹ̀wò kíkún ń wúlò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ:

`findmnt -no SOURCE,FSTYPE /`

Á dáhùn pẹ̀lú nǹkan bíi `/dev/sda2 ext4`, tàbí `/dev/nvme0n1p2 ext4` lórí dísìkì tuntun. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà náà bí ti iṣẹ́ bá ni. Lọ́jọ́ tí ojú dúdú bá dé, kò sí ibi tí ẹ ó ti rí i wò ní wẹ́rẹ́. `/dev/sda2` ni màá máa lò nínú àpẹẹrẹ mi. Tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀:

`sudo tune2fs -l /dev/sda2 | grep -Ei 'state|mount count|check'`

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. `Filesystem state` yẹ kó jẹ́ `clean`. Bó bá kọ `with errors`, kernel ti bá àṣìṣe pàdé níbì kan nìyẹn. `Last checked` ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kíkún kẹ́yìn, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí wọ́n fi Linux sí i gan-an ni. Ẹ̀kẹta ni `Maximum mount count`. `-1` lẹ máa bá níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni pé bó ti wù kó dìde tó, kò ní ka gbogbo dísìkì fúnra rẹ̀ àyàfi bí wàhálà bá ti hàn.

Lójú tèmi, `-1` yẹn kò dára tó fún kọ̀ǹpútà tí iná ń pa lójijì ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Tí mo bá fi Linux sí kọ̀ǹpútà ẹnìkan níhìn-ín, mo máa ń fún un ní èyí:

`sudo tune2fs -c 30 -i 3m /dev/sda2`

Ní gbogbo ìgbà 30 tó bá dìde, tàbí lẹ́yìn oṣù 3, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, á ka gbogbo rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ń lo bátìrì lásìkò náà, e2fsck lè sún àyẹ̀wò yìí síwájú, nítorí náà ẹ jẹ́ kó wà lórí iná.

Ẹ tún ṣí `/etc/fstab`, kí ẹ wo ìlà tí `/` wà. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìlà náà, ìkẹfà, ló ń sọ ipò rẹ̀ lórí ìlà àyẹ̀wò: `1` fún root, `2` fún àwọn ìpín yòókù, `0` bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti bá `0` pàdé fún root lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan tún ṣe nítorí pé ó fẹ́ kó tètè máa tàn. Ẹ dá a padà sí `1`. Lórí ìlà yẹn kan náà, Ubuntu sábà máa ń kọ `errors=remount-ro`, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí kernel bá rí àṣìṣe nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, á ti ilẹ̀kùn kíkọ pa. Ọjọ́ tí kò sí fáìlì tó ṣeé tọ́jú mọ́, tí gbogbo ètò ń kígbe `Read-only file system`, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi agbára ṣí i padà kí wọ́n lè parí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ da fáìlì tí ẹ nílò sórí fláàṣì, kí ẹ wá tan kọ̀ǹpútà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń pàṣẹ àyẹ̀wò kíkún

Láyé àtijọ́, fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ `/forcefsck` la máa ń dá sórí root. Ẹ ṣì máa rí i káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹnu GRUB la ti ń sọ ọ́ báyìí.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo BIOS, ẹ di Shift mú; bó bá ń lo UEFI, ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan bí àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ti ń lọ. Nígbà tí mẹ́nù GRUB bá yọ, ẹ dúró lórí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ `e`. Ọ̀rọ̀ á pọ̀ lójú yín, ìlà kan ṣoṣo lẹ ń wá: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, tó ní `root=` àti `ro` nínú. Ẹ lọ sí ìparí rẹ̀ gan-an, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ kọ:

`fsck.mode=force fsck.repair=yes`

Kí ẹ wá tẹ Ctrl+X tàbí F10. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló máa ṣe é, kò kọ ọ́ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní kó ka gbogbo dísìkì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́. Èkejì ní kó tún gbogbo ohun tó bá rí ṣe láìbéèrè. Bí ẹ kò bá kọ èkejì, `preen` ló máa lò: á tún èyí tí kò lè fa ìpalára ṣe, á sì dúró bí ọ̀rọ̀ bá le. Nígbà àkọ́kọ́, tí ẹ kò tíì mọ ìlera dísìkì náà, `fsck.mode=force` nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ìdí rẹ̀ máa hàn láìpẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá wà níbi tó jìnnà, bíi sáfà tí ẹ yá lókè òkun, tí ọwọ́ yín kò tó GRUB, ọgbọ́n mìíràn wà. Ẹ fún un ní `sudo tune2fs -c 1 /dev/sda2`, kí ẹ pàṣẹ kó tún dìde. Tó bá ti padà wá, ẹ dá a padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tó bá dìde ni á máa kà. Raspberry Pi kò ní GRUB rárá; fáìlì `cmdline.txt` ni kí ẹ wá, `fsck.repair=yes` sì sábà máa ń ti wà nínú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ohun tó wà nínú fáìlì yẹn, ẹ má já a sí méjì.

Tí ó bá ń kà á lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù. SSD lè parí kí ẹ tó mu omi tán. Dísìkì àtijọ́ tó ń yí, tó tóbi, lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe pa á lágbedeméjì. Bí iná yín kò bá dúró sójú kan, orí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kíka èsì rẹ̀

Kọ̀ǹpútà dìde, gbogbo nǹkan dára lójú, ọ̀pọ̀ èèyàn á kúrò níbẹ̀ láìwo ohun tó rí. Lórí Debian àti Ubuntu:

`cat /run/initramfs/fsck.log`

Lórí Fedora àti àwọn mìíràn:

`journalctl -b -u systemd-fsck-root.service`

Ìdáhùn tó dára jù ni ìlà kan tó ní `clean`, pẹ̀lú iye fáìlì àti iye àyè. Bí ẹ bá ní kó ka gbogbo rẹ̀, ẹ máa rí Pass 1 títí dé Pass 5: ó kọ́kọ́ ka inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nípa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ètò fódà, lẹ́yìn náà bóyá fódà kọ̀ọ̀kan so mọ́ òbí rẹ̀, lẹ́yìn náà iye orúkọ tó ń tọ́ka sí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kó tó wá ṣírò àyè tó ṣẹ́kù. Bí ìdààmú bá wà ní Pass 5 nìkan, ìṣirò lásán ni, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Bó bá jẹ́ Pass 1 ló ti ń pariwo, ẹ jókòó.

fsck tún máa ń fi nọ́ńbà dáhùn: 0, kò sí àṣìṣe, 1, ó rí àṣìṣe ó sì tún un ṣe, 2, kí kọ̀ǹpútà tún dìde, 4, àṣìṣe ṣì kù tí kò tún ṣe, 8, àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló kùnà. Ó lè pa wọ́n pọ̀: 3 túmọ̀ sí 1 àti 2. Tó bá jẹ́ 4 ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni Ubuntu ti máa dúró, tí á sọ pé root nílò `manual fsck`, tí á sì já yín sí `(initramfs)`.

Nígbà tó bá dúró

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Ẹtì yẹn rèé. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà màmá náà, mo tẹ `exit` kó lè tún sọ ohun tó ń dùn ún, mo rí `/dev/sda2`, mo sì tẹ:

`fsck -y /dev/sda2`

Ọ̀rọ̀ sáré kọjá lójú wa bí òjò. `-y` ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo ìbéèrè. Ó parí, mo tẹ `reboot -f`, Ubuntu dìde, màmá náà gbàdúrà fún mi, mo lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí wọ́n tún pè mí. Ojú dúdú kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan kò ṣeé ṣí mọ́.

Mo ti tún ètò fáìlì ṣe láìbéèrè ohun tó bà á jẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí mú dání: kí ẹ tó jẹ́ kí `-y` wọ ẹnu àṣẹ yín, ẹ bi dísìkì léèrè ìlera rẹ̀. Láti inú `(initramfs)`, ìbéèrè náà kò gùn:

`dmesg | grep -i 'i/o error'`

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ìlà bá ń tẹ̀ lé ìlà, tí gbogbo wọn ń dárúkọ `sda`, dísìkì kò lè ka ara rẹ̀ mọ́, tàbí kẹ̀ wáyà rẹ̀ ló dẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan fsck. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ fláàṣì.

Bó bá mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí `-y`:

`fsck.ext4 -f /dev/sda2`

Báyìí, ìbéèrè á máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì lè kà wọ́n. `Free blocks count wrong ... Fix<y>?` kò léwu, ìṣirò ni. `Unattached inode 131187 ... Connect to /lost+found<y>?` dára: ó rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù, ó fẹ́ bá yín tọ́jú rẹ̀ sí fódà àwọn ohun tó sọnù. Ọ̀rọ̀ `Clear` ni kí ẹ rọra gbà, torí ohun tó bá ti nù, nínù náà nìyẹn. Bí ẹ bá rí `Error reading block ... Ignore error<y>?`, tí `Force rewrite<y>?` sì tẹ̀ lé e, ẹ tẹ Ctrl+C lójú ẹsẹ̀. Dísìkì ló ń sọ pé òun kò rí ibì kan kà. `-y` tí mo lò lọ́jọ́ kìíní ti ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ìbéèrè yẹn lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Bí àwọn ìbéèrè kékeré bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀ lọ, tí ẹ ti rí i pé dísìkì yè, ẹ lè tẹ `a`, á gba gbogbo èyí tó kù. Tó bá parí, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kejì yẹ kó jáde láìrí ohunkóhun. Bó bá tún rí tuntun, ọ̀tá ṣì wà nínú ilé.

Nígbà mìíràn, superblock, ìyẹn ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ń sọ bí gbogbo ètò fáìlì ṣe rí, ló bàjẹ́, e2fsck á sì ní òun kò mọ ohun tó wà níwájú òun. Ext4 ní ẹ̀dà rẹ̀ níbi púpọ̀. Bí block bá jẹ́ 4096, tí í ṣe ti ọ̀pọ̀ dísìkì, èyí àkọ́kọ́ wà ní 32768, èkejì ní 98304:

`e2fsck -b 32768 -B 4096 /dev/sda2`

Àwọn kan máa ń rí ìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà root dípò `(initramfs)`, èyí tí systemd ń pè ní emergency mode. Lórí Ubuntu, ó lè sọ pé àkáǹtì root wà ní títì, kò sì sí ibi tí ẹ lè gbà wọlé. Fláàṣì ni ọ̀nà.

Láti orí fláàṣì

Ẹ fi Ubuntu sórí fláàṣì lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi í tan èyí tó ń ṣàìsàn, kí ẹ mú “Try Ubuntu”, kí ẹ má mú “Install”. Báyìí, root yín kì í ṣe ilé tí ẹ ń gbé mọ́, ìpín lásán ni, ẹ sì ní àyè láti béèrè dáadáa:

`sudo apt install smartmontools`

`sudo smartctl -a /dev/sda`

Lórí dísìkì SATA, ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìlà mẹ́ta. `Reallocated_Sector_Ct` ni iye ibi tó ti kú tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò. `Current_Pending_Sector` ni ibi tó ń gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Lórí ti màmá náà, 48 ni mo bá níbẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0 ṣùgbọ́n tí `UDMA_CRC_Error_Count` ń gòkè, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Owó kékeré ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n fẹ́ dà nù là.

Tí `Current_Pending_Sector` bá ju 0 lọ, ẹ̀dà lẹ kọ́kọ́ máa ṣe kí fsck tó dé ibẹ̀. Ẹ so dísìkì tó tóbi jù ú lọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sínú fódà rẹ̀, kí ẹ fi `gddrescue` ṣe é (orúkọ tí ẹ ó fi gbé e wá nìyẹn, `ddrescue` ni àṣẹ rẹ̀):

`sudo ddrescue -d -r3 /dev/sda eda.img eda.map`

Á kọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn, kó tó padà lọ jìjàkadì pẹ̀lú ibi tó le. Nítorí fáìlì `eda.map`, bí iná bá lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí. Orí ẹ̀dà yẹn ni kí fsck ti ṣiṣẹ́. Bó bá ba nǹkan jẹ́, dísìkì gangan ṣì wà níbẹ̀.

Bí root yín bá wà lábẹ́ LUKS, ìyẹn dísìkì tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, ẹ ṣí i pẹ̀lú `cryptsetup open`. Bó bá jẹ́ LVM, ọ̀nà mìíràn tí Linux ń gbà pín dísìkì, ẹ jí i pẹ̀lú `vgchange -ay`. Orúkọ tó bá yọ lábẹ́ `/dev/mapper` lẹ máa fún fsck.

Ẹni tó ń lo XFS, irú ètò fáìlì mìíràn, tí Red Hat ti sọ di àyànfẹ́ láti RHEL 7 lọ́dún 2014, `xfs_repair` ni tirẹ̀. Bó bá kọ̀ nítorí pé ìwé ìrántí rẹ̀ ṣì ní ohun tí kò tíì parí, ẹ gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún gbìyànjú. `-L` ń da ìwé náà nù, ó di ìgbà tí ọ̀nà bá pin. Fún Btrfs, tí Fedora Workstation ń lò láti ẹ̀yà 33, `btrfs check` láìsí `--repair` ni kí ẹ dúró lé.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ wo inú `/lost+found`. Orúkọ tí ẹ máa bá níbẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà inode, bíi `#131187`. `sudo sh -c 'file /lost+found/*'` á sọ èyí tó jẹ́ àwòrán àti èyí tó jẹ́ ìwé. Bí ẹ bá rí fódà odidi níbẹ̀, inú yín á dùn, torí orúkọ fáìlì inú rẹ̀ kì í sábà sọnù. Kí ẹ tún mọ̀ bóyá fáìlì Linux fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹ fi `debsums` sí i kí ẹ tẹ `sudo debsums -s`. Lórí Fedora, `rpm -Va`. Ètò tó bá dárúkọ, ẹ fi `sudo apt install --reinstall` gbé e wá lákọ̀tun.

Ohun kékeré kan tún kù tí n kò fẹ́ fò dá: aago. Bátìrì róbótó inú kọ̀ǹpútà, CR2032, bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago ń padà sí ọdún tó ti kọjá. e2fsck á wá rí i pé wákàtí tí a kọ sórí dísìkì jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, á sì sọ ọ́: `Superblock last mount time ... is in the future`. Àwọn èèyàn á máa wá àìsàn sínú dísìkì tó yè, bẹ́ẹ̀ bátìrì ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún aago ṣe nínú BIOS.

Ti màmá náà, ọjọ́ méjì ni ddrescue fi ṣiṣẹ́, lórí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà tí a yá. Lórí ẹ̀dà náà, a rí project mẹ́rin gbà nínú `/lost+found`, méjì kò ṣeé rí mọ́. Mo bá wọn ra SSD, UPS tó ń mú iná dúró ní tòótọ́, àti bátìrì CR2032. Mo lẹ bébà mọ́ ara kọ̀ǹpútà náà: `/dev/sda2, ext4`, pẹ̀lú ìlà `fsck.mode=force` lábẹ́ rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ti ya ìsọ̀ wọn, mo máa ń ṣí `/run/initramfs/fsck.log` kí n tó jókòó.